Ẹ gbà mí o: wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé pásítọ̀ tuntun kó tó di Jímọ̀

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Kwara wa. Ẹni tó bá ti mú pásítọ̀ wá láti ilé rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn lónìí. Pásítọ̀ wa ń padà sí Òmù-Àrán, ìgbìmọ̀ sì ti mú ẹlòmíì. Wọ́n ní èmi ni kí n jẹ́ Authorising Officer, ẹni tó ń dáhùn fún ìjọ, lórí ìwé sponsor tí a fi ń mú òṣìṣẹ́ wá láti òkè òkun, torí pé ìwé tèmi ló pé jù nínú wa. Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi.

Kì í ṣe ìwé nìkan ló ń jẹ́ kí n má sùn. Mo rí ohun tí wọ́n kọ pé àwọn ń wá lára pásítọ̀, ẹ̀yìn ìwé ètò ìsìn Àjíǹde ni wọ́n kọ ọ́ sí. Èkíní, ẹni tó lè mú ìjọ kún. Èkejì, kí ìyàwó rẹ̀ lè kọrin. Ẹ̀kẹta, ẹni tó mọ̀ bí a ṣe ń kówó ilé ìjọsìn jọ. Ìbẹ̀wò wà ní ìkẹsàn-án, ẹnì kan sì ti fi bírò pupa fagi lé e. Mama Ìjárá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù, egungun ìbàdí wọn ló ṣẹ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tó yọjú. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ṣé ìjọ ṣì wà?" Inú ń bí mi gan-an.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester:
Àǹtí, ẹ má fọwọ́ sí i láìkà á. Ẹ̀yin ni Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó físà níbí, máa bi. Tí pásítọ̀ bá kúrò, tí owó oṣù rẹ̀ bá dínkù, ẹ gbọ́dọ̀ jábọ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 10. Àdírẹ́sì rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀, ìwé owó oṣù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ lẹ máa tọ́jú. Wọ́n sì lè wá kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ tí ẹ ò retí wọn.

Ojú mi ti rí i. Ní 2019, a kọ iye kan sínú ìwé, ìdajì rẹ̀ là ń san. Alága ní, "Iṣẹ́ Ọlọ́run ni, ó máa yé e." Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìjọ wa, wọ́n gé físà pásítọ̀ kù sí ọjọ́ 60. Ọmọ mẹ́ta ló ní. Èmi ni mo fi ọkọ̀ mi gbé wọn lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Àbíkẹ́yìn wọn wọ yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé lọ́jọ́ náà, ó ní òun ò fẹ́ bọ́ ọ. Mi ò lè gbàgbé.

Bọ̀dá Ṣàárẹ́, Houston:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n pásítọ̀ náà jẹ̀bi. Ó mọ iye tí wọ́n ń san fún un. Kí ló dé tó dákẹ́?

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester:
Ẹni tí físà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, kí lẹ fẹ́ kó sọ?

Bọ̀dá Ṣàárẹ́, Houston:
Kó sọ òótọ́. Pásítọ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́, Birmingham:
Bọ̀dá, ẹ ò tíì gbé lórí físà tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì rí ni. Èmi lo ọdún mẹ́ta lórí ìwé agbanisíṣẹ́ mi, mo mọ bí ẹnu ṣe ń wúwo. Ìgbìmọ̀ ló jẹ̀bi, ẹ má dà á ru.

Alàgbà, Toronto:
Àṣìṣe náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé orí owó. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin wo ohùn, ẹ wo aṣọ, ẹ wo bí fídíò rẹ̀ ṣe rí, ẹ ò béèrè irú èèyàn tí ó jẹ́ nígbà tí gbohùngbohùn ò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́, Birmingham:
Ẹ ṣé, Alàgbà. Ohun tí a fi yọ nìyẹn. Ọ̀kan tí wọ́n fẹ́ mú fún wa, gbogbo àwọn àgbà ibẹ̀ ń yìn ín. Mo ní kí wọ́n fún mi ní nọ́ńbà ìyá tó ń gbálẹ̀ ìjọ rẹ̀. Ìyá yẹn kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, ọdún kẹrin nìyí, kò tíì kí mi rí." A dá a dúró. Àǹtí, ẹ wá ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹ wá opó kan, ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó ti kúrò nínú ìjọ náà. Ẹ máa gbọ́ ohun tí lẹ́tà àwọn àgbà kò ní sọ.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Ẹ ṣé, ọmọ ìyá mi. Màá pè wọ́n lálẹ́ òní. Ṣùgbọ́n ìwé ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester:
Ẹ bi wọ́n bóyá ó ti yege ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ìpele B2. Àwọn kan ti ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú kí èsì tó jáde, owó náà wọmi. Ó tún gbọ́dọ̀ ní £1,270 nínú àkáǹtì fún ọjọ́ 28, àfi tí ìjọ bá dúró fún un. Ẹ wo irú ìforúkọsílẹ̀ tí ìjọ yín ní pẹ̀lú. Tí kì í bá ṣe CIO (ẹgbẹ́ àánú tó dá dúró lábẹ́ òfin) tàbí ilé-iṣẹ́, gbèsè ìjọ lè kan ilé àwọn trustee, ìyẹn àwọn alábòójútó ìjọ. Tí pásítọ̀ bá sì fẹ́ jẹ́ trustee tí ẹ tún ń san owó oṣù fún un, ìwé òfin ìjọ tàbí Charity Commission, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹgbẹ́ àánú, gbọ́dọ̀ fàyè gbà á.

Bọ̀dá Ṣàárẹ́, Houston:
Wàhálà yín pọ̀ lọ́hùn-ún. Ní Amẹ́ríkà níbí, R-1, físà òṣìṣẹ́ ìsìn, máa ń fún pásítọ̀ ní oṣù 30 lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ẹ máa bọ̀ ní Houston, ibẹ̀ ni ìjọ wà.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester:
Ooru yín ńkọ́? Manchester ni ìyá gbogbo wọn, a ti ní ẹgbẹ́ akọrin kí Houston tó mọ dùndún.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Manchester tí òjò ò dá níbẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́ o.

Alàgbà, Toronto:
Gbogbo yín, ta ló ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí (museum) àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà? Èsìẹ́, 1945. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester:
Bàbá, rélùwéè dé ọ̀dọ̀ wa kó tó dé Ìlọrin. Ẹ jẹ́ kí Ìlọrin náà sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìlọrin, Dublin:
Ìlọrin wà níbí o. Ẹ tọ́jú rélùwéè yín, àwa ní wàrà. Mùsùlùmí ni mí, mo kàn ń ka ọ̀rọ̀ yín ni. Ohun kan náà ló ń bá wa nígbà tí a bá ń wá ìmáàmù: ẹ̀yìn gbogbo nǹkan ni wọ́n ń rántí aláìsàn. Àǹtí, Ọlọ́run á fún Mama ní àlàáfíà.

Nọ́ọ̀sì Àjàṣẹ́, Birmingham:
Àmín. Mo rántí kátíkíìsì wa nílé. Kẹ̀kẹ́ kan ló ní, béèlì rẹ̀ ti bàjẹ́, ahọ́n ló fi ń pa á. Tí a bá ti gbọ́ "kílíń, kílíń" lójú ọ̀nà oko nígbà ọyẹ́, a ti mọ̀ pé ẹnì kan ń ṣàìsàn, ó sì ti ń lọ. Kò mọ orin kọ rárá.

Alàgbà, Toronto:
Àti iṣu ìkórè lójú pẹpẹ. Ẹ má jẹ́ kí n sunkún níbi iṣẹ́.

Ọmọ Ọ̀fà, Manchester:
Ta ló mọ ibi tí mo ti lè rí ànàmọ́ tó dà bíi ti Ọ̀fà ní ìlú yìí? Èyí tí wọ́n ń tà nínú ọjà níbí kò dùn.

Ìyá Ìbejì, Leeds:
Mo ti bá ìyá tó ń gbálẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní pásítọ̀ yìí ló bá àwọn sin ọkọ wọn, ó sì ń wá síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé títí di oṣù kẹta. Ó dára. Ṣùgbọ́n iye owó oṣù tó wà nínú ìwé yìí, kì í ṣe iye tí wọ́n kà fún ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Ẹ̀yin ará, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá Ṣàárẹ́, Houston:
Ànàmọ́ wà ní Houston o.