Wisikí eléèéfín fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi: ibi tí ọ̀rọ̀ já sí

Ẹ ṣeun o, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: wisikí tó ní òórùn èéfín ni mò ń wá, láti fi ta ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi lọ́rẹ lọ́jọ́ ìbí wọn. Lagavulin ọlọ́dún 16 ni mo rà.

Laphroaig ọlọ́dún 10 ni ọ̀pọ̀ yín dárúkọ. Wisikí gidi ni, àmọ́ òórùn rẹ̀ jọ ti oògùn ọsibítù. Ẹni tó ti mọ̀ ọ́n mu ni mo lè fún. Ardbeg ọlọ́dún 10 le jù, ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ni ọtí inú rẹ̀, ti Lagavulin jẹ́ 43. Etíkun gúúsù erékùṣù Islay ní Skọ́tíláǹdì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wá.

Ẹnì kan bèèrè ibi tí èéfín náà ti ń wọlé. Ilẹ̀ àbàtà tí koríko ti jẹrà sí fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n máa ń gé, wọ́n á sá a gbẹ, wọ́n á wá fi dáná sábẹ́ ọkà báálì tó ti hù. Èéfín yẹn á wọ ọkà náà lára bó ṣe ń wọ ẹja yíyan, kò sì ní kúrò títí dé inú ìgò.

Mo bẹ ẹ̀gbọ́n pé kí wọ́n má fi yìnyín sí i, kí wọ́n kán omi díẹ̀ sí i. Òórùn rẹ̀ tú jáde dáadáa! Inú wọn dùn gan-an, wọ́n ti ń bèèrè Caol Ila, wisikí eléèéfín mìíràn láti Islay, báyìí. Ó parí síbẹ̀ nìyẹn.