"Oje wàhálà" kọ́, "oje ìtají" ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka ohun tẹ́ ẹ kọ lánàá, pé ká máa pe kọ́tísọ́ọ̀lù (cortisol, oje kan tí ara wa ń ṣe) ní "oje wàhálà", ká sì máa pe èyí tó ń ka wákàtí nínú ara wa ní "aago ara". Ti aago yẹn dáa. Oje wàhálà ni mi ò lè gbà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú.

Ìyá mi ń yan gàrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọn ò ní aláàmù kankan, àmọ́ ìdájí ò bá wọn lórí ẹní rí. Wàhálà wo ló ti dé bá wọn nígbà yẹn? Síbẹ̀ láti nǹkan bí aago 3 òru ni kọ́tísọ́ọ̀lù ti ń gòkè lára wọn, ìgbà tí wọ́n bá fi máa jí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé góńgó, á wá máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí di ọ̀gànjọ́, ojoojúmọ́ ni. Aago tó wà nínú ọpọlọ, tó ń tipasẹ̀ ojú mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́, ló ń ránṣẹ́ sí ohun kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín bíi fìlà, ibẹ̀ ni oje yẹn ti ń sun, òun ló sì ń gbé àkókò lọ fún ẹ̀dọ̀ àti àwọn ẹ̀yà ara yòókù. Tí ẹ̀rù bá bà wá, ó máa ń pọ̀ sí i lóòótọ́. Àkùkọ náà máa ń pariwo lọ́sàn-án tó bá rí àṣá, ṣé torí ìyẹn la fi mọ̀ ọ́n?

Ti ọmọ ló ká mi lára jù. Agbẹ̀bí ni mí ní Ṣágámù. Abẹ́rẹ́ tá a máa ń gún fún aboyún tó fẹ́ bímọ láìpé oṣù, kí ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè tètè gbó, ìbátan kọ́tísọ́ọ̀lù ni, 1972 ni Liggins àti Howie, dókítà méjì ní New Zealand, gbé ìwádìí ẹ̀ jáde. Kí n wá sọ fún ìyá tí àyà ẹ̀ ti ń já tẹ́lẹ̀ pé oje wàhálà ni mo fẹ́ gún sí i lára? Lóòótọ́, tó bá pọ̀ jù ó lè ṣe ọmọ inú léṣe, ìdí nìyẹn tí ibi ọmọ fi ń sọ èyí tó pọ̀ nínú ti ìyá di aláìlágbára kó tó kọjá. Ìkókó ò sì tíì ní àlọ àtàbọ̀ oje yìí, ó máa ń tó oṣù mélòó kan kó tó fìdí múlẹ̀, bí oorun ẹ̀ náà ò ṣe tíì mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán.

"Oje ìdájí" ni mo kọ́kọ́ rò, àmọ́ èkúté kì í sùn lóru, ìrọ̀lẹ́ ni irú oje yìí tó wà lára tiẹ̀ ń gòkè, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní bá a mu. "Oje ìtají" bá àwa àti èkúté mu.

Mo dán an wò lára aboyún kan tó ń ta obì ní Sábó. Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ṣé òun ló ń jí mi kí ọkọ̀ obì tó dé?" Mo ní òun ni.