Báwo ni àwọn fèrèsé Vim ṣe lè máa pín àyè tuntun ní ìwọ̀n tí mo fún wọn?

Ẹ jọ̀wọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín. Nínú Vim, ètò tí mo fi ń kọ kóòdù, mo máa ń pín ojú iṣẹ́ sí fèrèsé mẹ́ta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: kóòdù gba ìdajì, àwọn méjì yòókù sì pín ìyókù. Mo ti fi `set noequalalways` sínú vimrc (fáìlì ìṣètò Vim) kí títi fèrèsé kan má baà da gbogbo ètò rú, ìyẹn sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ ojú tẹ́mínà, fèrèsé tó wà ní ọwọ́ ọ̀tún pátápátá nìkan ló ń gbé gbogbo àyè tuntun mì.

Mo dán `autocmd VimResized * wincmd =` wò, èyí tó ń ṣiṣẹ́ nígbàkígbà tí ìwọ̀n ojú Vim bá yí padà, ó sọ gbogbo wọn di ọgbọọgba; `winfixwidth` kàn ń de ìbú mọ́lẹ̀ ni, nígbà tí `winrestcmd()` ń dá iye òpó (ìbú tí a fi lẹ́tà kà) àtijọ́ padà, tí kì í ṣe ìdá tí mò ń fẹ́.

Ǹjẹ́ ètò kan wà nínú Vim fúnra rẹ̀ tó lè pa ìdá yìí mọ́? Bí kò bá sí, tó sì di dandan kí n fi `&columns` (iye òpó gbogbo ojú Vim) ṣe ìṣirò rẹ̀, níbo ló yẹ kí n ti máa tọ́jú ìbú àtijọ́, níwọ̀n bí ó ti máa ń yí padà kí `VimResized` tó dé?