Àjogúnbá kọ́ o, inú oyún lọmọ ti kó o

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú ìròyìn tá à ń túmọ̀ sí Yorùbá, ẹ ní ká máa pe Zika, àrùn fáírọ́ọ̀sì tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tí wọ́n bí mọ́ ọmọ ní "àrùn àjogúnbá", ẹ má bínú, mi ò lè gbà fún yín níbẹ̀ yẹn. SS ni àjogúnbá, ara bàbá àti ìyá ló ti wá, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń yẹ jẹnotáìpù wò kí wọ́n tó fẹ́ra. Zika ńkọ́? Ẹ̀fọn ló sáà máa ń jẹ ìyá nígbà tó lóyún, fáírọ́ọ̀sì á gba inú ibi-ọmọ kọjá, ó di ọpọlọ ọmọ, orí ọmọ sì lè má dàgbà tó. Ìran ta ló wá wà nínú ìyẹn? Ẹ kọ àjogúnbá sínú ìròyìn kẹ́ ẹ wò ó, ilé ọkọ á ní àwọn ti mọ̀ pé ìdílé ìyàwó ni wàhálà ti wá.

"Àrùn àbínibí" tẹ́nì kan mú wá sàn díẹ̀, àmọ́ ó fẹ̀ jù, ìwà gan-an ń jẹ́ àbínibí. "Àkóràn inú oyún" lèmi fara mọ́, ó sọ pé ṣe ni wọ́n kó o, ó sì sọ ibi tí wọ́n ti kó o, rubella, tí aboyún náà lè kó ran ọmọ inú ẹ̀, á wọ abẹ́ ẹ̀ láìjà.

Ti iye ọmọ tí wọ́n ní ó ní àrùn yìí ló ká mi lára jù. Ní Brazil lọ́dún 2015, dókítà Vanessa van der Linden ní Recife wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kíyè sí i pé àwọn ìkókó tórí wọn kéré ti ń pọ̀ jù, ìjọba wá ní kí ọsibítù máa fi ìròyìn ọmọ tó bá pé oṣù tí òbìrí orí ẹ̀ ò ju sẹ̀ǹtímítà 33 lọ ránṣẹ́, nígbà tó di December wọ́n já a sí 32, torí 33 yẹn ń kó àwọn ọmọ tí ò ṣe nǹkan kan mọ́ ọn. Ṣé ẹ rí i, iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ kọ́ niye tó ní àrùn. Ẹnì kan wá túmọ̀ àwọn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí "ọmọ afurasí"! Háà, ìkókó, kí ló jí? Afurasí ti di ti ọlọ́pàá pátápátá. Ẹ jẹ́ ká ní "ọmọ tí wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò" àti "ọmọ tí àyẹ̀wò ti fìdí tiẹ̀ múlẹ̀", ó gùn lóòótọ́, a ó kúkú fara dà á.

"Olórí kékeré" tí wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ní ilẹ̀ wa tórí jẹ́ ìpín èèyàn, ta ló fẹ́ gbọ́ pé orí ọmọ òun kéré? "Orí tí ò dàgbà tó" ni kẹ́ ẹ kọ. Pẹ̀lú ẹ̀ náà, ẹ má fi orí sọ àrùn yìí lórúkọ, torí àwọn ọmọ kan wà tórí wọn dáa nígbà tí wọ́n bí wọn, tó jẹ́ pé ojú tàbí oríkèé ara ló mú. Gbogbo àmì tó ń rìn pọ̀ yẹn gan-an la ò tíì rí orúkọ fún, "àkójọ àmì àrùn" tí mo ní lọ́wọ́ ò dùn lẹ́nu mi.