Àyẹ̀wò aflatoxin lára ọmọdé: ẹ̀jẹ̀ ni kí n gbà ni àbí ìtọ̀?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ìwádìí ni mò ń ṣe lórí aflatoxin, oró tó máa ń wà nínú àgbàdo àti ẹ̀pà tó bá bu, àti bó ṣe ń dí ìdàgbàsókè ọmọdé lọ́wọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ni kí n gbà ni àbí ìtọ̀? Ìtọ̀ kò ní pa ọmọ lẹ́kún, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn nìkan ló ń fi hàn. Oró tó so mọ́ albumin, ìyẹn èròjà purotéènì kan inú ẹ̀jẹ̀, máa ń sọ ti nǹkan bí oṣù 2 sí 3. Ìyẹn ni ọkàn mi fẹ́, torí ìdàgbàsókè kì í fà sẹ́yìn lọ́jọ́ kan. Yíyẹ oúnjẹ wò nìkan kò tẹ́ mi lọ́rùn: hóró kan lè kún fún oró, kí àwọn tó yí i ká mọ́ tónítóní.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe irú rẹ̀ rí, ṣé ẹ̀jẹ̀ orí ìka tí wọ́n kán sórí bébà, tó sì gbẹ, ṣeé lò? Ó dá mi lójú pé àwọn òbí á gba ìyẹn ju abẹ́rẹ́ lọ.