Ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló so wọ́n pọ̀: èsì sí “ẹ̀yà-ẹ̀jẹ̀”

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín o.

Mo ti ka àlàyé tí àbúrò wa tó ń gbé ní Glasgow kọ fún àwọn ọmọ Yorùbá tí òbí wọn kan jẹ́ ará Skọ́tílándì, nípa bí ènìyàn ṣe lè gba ojú orúkọ ìdílé tọpa àwọn baba ńlá rẹ̀. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó pe “clan”, ìyẹn àwọn ará Skọ́tílándì tó ń jẹ́ orúkọ baba ńlá kan náà lábẹ́ olórí kan, ní “ẹ̀yà-ẹ̀jẹ̀”, ó pe olórí rẹ̀ ní “baálẹ̀”, ó sì sọ pé “Mac” tó máa ń ṣáájú orúkọ wọn kò ju “ọmọkùnrin” lọ. Kò sí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ “ẹ̀jẹ̀” yẹn ló dùn mí jù.

Ìgbà wo ni Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀jẹ̀ júwe ìbátan? Bí àwọn àgbà tó tọ́ mi bá fẹ́ sọ bí ènìyàn méjì ṣe tan mọ́ra, wọn a ní ọmọ ìyá ni wọ́n, tàbí ọbàkan, tàbí iyèkan, tàbí kí wọ́n ní ilé kan náà ni wọ́n ti jáde. Ní ẹnu tiwọn, ohun tí a ń ta sílẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Èdè Òyìnbó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn “ẹ̀yà-ẹ̀jẹ̀”, aṣọ Yorùbá lásán la wọ̀ fún un. “Ẹ̀yà” náà kò sì ràn án lọ́wọ́, nítorí pé Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú la ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àwọn ọmọ baba ńlá kan ṣoṣo.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ àwọn ará Skọ́tílándì fúnra wọn sún mọ́ tiwa ju bí àbúrò wa ṣe rò lọ. Ní èdè Gaelic, “àwọn ọmọ” ni ìtumọ̀ clann. Inú èdè Látìn ni wọ́n ti yá a, láti ara planta, èyí tí í ṣe èéhù irúgbìn, ṣùgbọ́n nítorí pé ahọ́n àwọn tó kọ́kọ́ yá a kò gba ìró “p”, ìró “k” ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. (Ẹni tó bá mọ̀ pé “p” tiwa gan-an yàtọ̀ sí “p” Òyìnbó yóò tètè lóye bí irú nǹkan báyìí ṣe ń ṣẹlẹ̀.) Nítorí náà, Clann Dòmhnaill, àwọn tí gbogbo ayé mọ̀ sí MacDonald, kò ju “Àwọn Ọmọ Dòmhnall” lọ. Ẹ gbọ́ bí ó ṣe dún! Bí a ṣe ń ki ènìyàn ní ọmọ Olófà àti ọmọ Oníkòyí náà ni.

Láti ibẹ̀ ni a ti lè yanjú “Mac”. Òótọ́ ni pé ọmọ tó jẹ́ ọkùnrin ni mac nínú èdè wọn, n kò sì bá àbúrò wa jà lórí ìyẹn. Obìnrin wọn kì í jẹ́ Mac ní èdè Gaelic, Nic ni ó ń jẹ́, tí wọ́n gé kúrú láti ara nighean mhic, bíi NicDhòmhnaill. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọba tí ọmọ Yorùbá yóò máa tú kiri, Mac ni a ó bá níwájú orúkọ ọkùnrin àti obìnrin, nítorí náà “ọmọkùnrin” yóò ṣi ẹni náà lọ́nà láti ojú ewé kìíní. “Ọmọ” tó wà nínú oríkì kò yan ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, òun gan-an la sì nílò. MacIntyre, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà. MacTaggart, ọmọ àlùfáà. MacLeod, ọmọ Leod. Àwa tí a ń gbọ́ “Àyàn” tí a ti mọ̀ pé ilé onílù ni ẹni náà ti wá kò nílò àlàyé gígùn níbí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀jẹ̀ yẹn dáadáa. Ní oṣù kẹrin ọdún 1603, ìjọba Ọba James Kẹfà ti Skọ́tílándì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ MacGregor mọ́, ikú sì ni ìyà ẹni tó bá kọ̀. Àwọn ọmọ Griogar, ìyẹn àwọn MacGregor, wọ abẹ́ orúkọ ẹlòmíràn: àwọn kan di Drummond, àwọn kan di Murray, àwọn kan di Campbell, títí kan Rob Roy tí òkìkí rẹ̀ kàn. Wọ́n mú òfin náà kúrò ní 1661, wọ́n dá a padà ní 1693, ó di 1774 kí ó tó kúrò pátápátá. Àwọn wọ̀nyí ní ẹ̀jẹ̀, wọn kò ní orúkọ. Ní òdìkejì, àwọn kan ní orúkọ láìní ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń dáko lórí ilẹ̀ olórí kan, tó sì ń wá ààbò rẹ̀, lè gba orúkọ rẹ̀. Wọ́n ní àwọn Fraser kan wà tó jẹ́ pé òṣùwọ̀n ìyẹ̀fun kan ni wọ́n gbà kí wọ́n tó di Fraser.

Kí a má tilẹ̀ lọ jìnnà. Sir William MacGregor, ọmọ Skọ́tílándì tó ṣe gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe odò tí wọ́n gbẹ́ láàrin Erékùṣù Èkó àti Ìkòyí. Orúkọ tí ìbá ti gba ẹ̀mí baba ńlá rẹ̀ la wá ń fi júwe ọ̀nà. Herbert Macaulay ńkọ́? Mac Amhlaigh ni orúkọ yẹn, ọmọ Olaf, orúkọ tí àwọn ará Norway gbé dé àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Skọ́tílándì. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni àwọn òbí bàbá Herbert, tí a gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú tí a sì sọ̀ kalẹ̀ sí Sàró. Bí “ẹ̀yà-ẹ̀jẹ̀” bá jẹ́ òdiwọ̀n wa, ibo ni a ó to Macaulay sí?

Agboolé ni ọ̀rọ̀ tó yẹ “clan”. Ìyá wa kan nínú yín tó dábàá “ìran” kò ṣìnà, ṣùgbọ́n ìran kì í gba àlejò, agboolé ń gbà á. Ní agboolé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ojúlé kan wà ní apá ibi kànga tó jẹ́ ti àwọn ahunṣọ tó wá láti Ìsẹ́yìn nígbà ayé baba baba mi. Ìyá bàbá mi a máa lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà láàárọ̀, tòun ti ìkòkò omi lórí, a máa ki ọmọ kọ̀ọ̀kan bí ó ṣe ń yọjú. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn ahunṣọ, kò ní dúró, ohùn kò sì ní yí padà, ṣùgbọ́n oríkì á yí: “ọmọ Ìsẹ́yìn” ni a ó gbọ́. Síbẹ̀, bí ará ìta bá bi wọ́n pé ilé wo ni wọ́n ti wá, orúkọ agboolé wa ni wọ́n ń dá.

Ní ti “baálẹ̀”, mo rò pé àbúrò wa kò mọ bí ọ̀rọ̀ tó fọwọ́ kàn ti wúwo tó. Baba ilé ni baálé, ilẹ̀ ló wà nínú baálẹ̀; ilé àti ilẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Àwọn ará Gaelic náà ya nǹkan méjì yìí sọ́tọ̀. Dùthchas ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ agboolé lórí ilẹ̀ tí olórí ń bá wọn ṣọ́. Oighreachd ni ilẹ̀ tí olórí ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́, tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun ìjọba ṣẹ́gun àwọn tó dìde nínú wọn lójú ogun Culloden ní 1746, òfin gba agbára ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn olórí wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di onílẹ̀ tó ń gba owó, títí tí wọ́n fi lé àwọn ọmọ agboolé wọn kúrò kí àgùntàn lè rí ibi jẹ̀. Àwọn mìíràn bá ara wọn ní Kánádà. Ẹni tó bá kọ “baálẹ̀” fún olórí tó ṣáájú 1746 ti parí ìtàn náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní kí a lo “mọ́gàjí” fún olórí náà sì ńkọ́? Ọ̀rọ̀ Haúsá ni, magaji. A kò lè máa lé àyálò kan jáde, kí a tún máa ṣílẹ̀kùn fún òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé ará Skọ́tílándì ni ọkọ ọmọ mi. Ó fi ìwé ìbí baba ńlá rẹ̀ kan hàn mí, ti 1855, ọdún tí ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Lọ́dún yẹn nìkan ni wọ́n béèrè ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀: ọjọ́ orí bàbá àti ìyá, ibi tí wọ́n bí wọn sí, ibi tí wọ́n ti ṣègbéyàwó, iye ọmọ tó wà láàyè àti iye tó ti kú. Orúkọ ilé bàbá ìyá náà wà níbẹ̀ gbangba, nítorí pé obìnrin wọn kì í sọ orúkọ ilé bàbá rẹ̀ nù nínú ìwé. Drummond ni akọ̀wé kọ fún bàbá, pẹ̀lú tádàwà tó ti ń pọ́n bí ìpáàrà. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé wọn ń sọ títí dòní pé ọmọ Griogar ni àwọn.

Mo bẹ àbúrò wa kí ó fi “agboolé” àti “baálé” rọ́pò ohun tó kọ. Ní ti àwọn ìdílé kéékèèké tó wà lábẹ́ orúkọ ńlá kan, “ojúlé” ni mo ń pè wọ́n ní tèmi, mo sì mọ̀ pé àwọn ará Èkìtì kan nínú yín kò ní gbà, nítorí pé ojúlé tiwọn kò kéré bí tiwa. Ẹ mú tiyín wá, a ó gbé e yẹ̀ wò.