Ìrìn-àjò lọ sílé ní Ikaria nígbà òtútù pẹ̀lú ọmọ kékeré: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyá Fọlá, London

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ erékùṣù Ikaria ní Gíríìsì ni ọkọ mi, abúlé wọn kò jìnnà sí èbúté Evdilos. Ìgbà ooru nìkan la máa ń lọ, ṣùgbọ́n lọ́dún yìí a fẹ́ lọ ṣe Kérésì níbẹ̀. Bàálù wa yóò balẹ̀ sí Athens ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ni èyí tó ń padà bọ̀ yóò gbéra. Ọkọ mi ní kí a wọ ọkọ̀ ojú omi lálẹ́ ọjọ́ tí a bá dé gan-an. Lójú tèmi, bàálù kékeré ló máa yá jù. Ọmọ méjì ló wà pẹ̀lú wa, ọ̀kan jẹ́ ọdún mẹ́rin, èkejì ọdún mẹ́sàn-án, èyí àgbà sì máa ń bì bí mọ́tò bá ti rìn jìnnà. Ilé náà ti wà ní títì pa láti oṣù Kẹjọ. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni ká ṣe tò ó?

Bàbá Ọláìyá, Piraeus

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra. Ní òkun Aegean nígbà òtútù, atẹ́gùn ni ọ̀gá. Bó bá ti dé ìwọ̀n 8 lórí òṣùwọ̀n Beaufort, ìyẹn kìlómítà 62 sí 74 ní wákàtí kan, àwọn aláṣẹ èbúté sábà máa ń ní kí ọkọ̀ má gbéra. Apagoreftiko ni wọ́n ń pè é níbí, ọ̀rọ̀ náà yóò sì dé etí yín ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ọkọ̀ ńlá tó ń kó mọ́tò ló lè fara da atẹ́gùn jù. Àwọn ọkọ̀ asáré ti máa ń so mọ́ èbúté kó tó le tó bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ wákàtí mélòó kan ni wọn yóò fi dá ọkọ̀ dúró, ó sì lè ju ọjọ́ méjì lọ.

Nítorí náà, ẹ má so ọkọ̀ ojú omi mọ́ bàálù lọ́jọ́ kan náà. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò. Bẹ́ ẹ bá balẹ̀ ní aago mẹ́ta, títò síwájú àwọn aṣọ́bodè àti dídúró de ẹrù lè gbà tó wákàtí kan ààbọ̀. Ọkọ̀ ojú irin láti pápákọ̀ òfurufú dé Piraeus, èbúté Athens, tó wákàtí kan, ẹ sì lè dúró tó ìdajì wákàtí kó tó dé. Ó yẹ kí ẹ wà níwájú ọkọ̀ ní wákàtí kan kó tó ṣí. Bí bàálù yín bá pẹ́ díẹ̀ ní London, gbogbo ìṣirò yìí ti dàrú, ọkọ̀ Ikaria kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wà lójoojúmọ́ nígbà òtútù. Ẹ sun Piraeus lálẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ wọ ọkọ̀ tó bá tẹ̀ lé e.

Ìlà kẹta ọkọ̀ ojú irin, aláwọ̀ búlúù, ló ń lọ tààrà láti pápákọ̀ òfurufú dé Piraeus láti ọdún 2022. Yúrò 9 ni tíkẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà. Ọkọ̀ ojú irin kì í rìn láàárín òru, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì X96 máa ń rìn tọ̀sán-tòru. Ẹ fọwọ́ mú báàgì yín dáadáa nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn jáwójáwó pọ̀ níbẹ̀. Iwájú ẹnu ọ̀nà E6 èbúté ni ibùdókọ̀ ojú irin Piraeus wà, ẹnu ọ̀nà E2 sì ni ọkọ̀ Ikaria sábà máa ń dúró sí. Ó jìnnà fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́ wà nínú èbúté, ẹ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ léèrè. Kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ ka ẹnu ọ̀nà tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì yín, torí ó lè yí padà.

Ṣadé Athens

Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n fi ti bàálù kún un. Kò tó wákàtí kan láti Athens dé Ikaria, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bàálù kékeré ni. Pápákọ̀ òfurufú náà wà ní ìkángun erékùṣù lápá ìlà-oòrùn, lẹ́bàá Faros, níbi tí atẹ́gùn ti ń gbá a. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ kọjá lórí ojú ọ̀nà tí bàálù ń gbà balẹ̀, awakọ̀ yóò yí padà sí Athens. Ẹrù tí wọ́n ń gbà kéré, àyè sì máa ń tán kíákíá sápá Kérésì. Lẹ́yìn náà, ọ̀nà orí òkè ló kù láti ibẹ̀ dé Evdilos, ó lé ní wákàtí kan nínú takisí, ó sì ń lọ́ kiri. Ọmọ tó ń bì nínú mọ́tò kò ní gbádùn ọ̀nà yẹn rárá. Ọkọ̀ ojú omi tó bá dúró sí Evdilos yóò gbé yín dé itòsí ilé. Èmi ó mú ọkọ̀ ojú omi.

Ìyá Fọlá, London

Ẹ ṣeun gan-an. Bí wọ́n bá wá dá ọkọ̀ dúró ńkọ́? Ta ló máa san owó òtẹ́ẹ̀lì?

Dàpọ̀ Tíkẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin fúnra yín ni, Ìyá Fọlá. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù nọ́ńbà 1177 ti ọdún 2010 sọ pé bí wọ́n bá fagi lé ìrìn-àjò, tàbí tí ó pẹ́ ju ìṣẹ́jú 90 lọ kó tó gbéra, ẹ lè yan kí wọ́n gbé yín lọ sínú ọkọ̀ mìíràn láìsan àfikún, tàbí kí wọ́n dá owó yín padà. Ó tún sọ ti oúnjẹ ráńpẹ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún èrò tó ń dúró. Ṣùgbọ́n ti ibùsùn, tí í ṣe yúrò 80 lálẹ́ fún alẹ́ mẹ́ta ó pọ̀ jù, kò sí nígbà tí ojú ọjọ́ bá léwu fún ọkọ̀. Owó gbà-má-bínú kò sí nígbà náà pẹ̀lú. Ẹ ya owó alẹ́ méjì sọ́tọ̀ láti ilé, kí ẹ sì wá òtẹ́ẹ̀lì tó gbà kí ẹ fagi lé e láìsan owó.

Orúkọ tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ìrìnnà mu, títí kan ti ọmọ ọdún mẹ́rin. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn aṣọ́bodè Yúróòpù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìka ọwọ́ àti àwòrán ojú àwọn tó ní ìwé ìrìnnà Britain, wọn kì í sì gba ìka ọwọ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìlá. Ìwé ìrìnnà náà kò gbọ́dọ̀ tíì pé ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ tí ẹ bá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ ku oṣù mẹ́ta lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ bá máa jáde. Èyí tí ọkọ yín ní láti Gíríìsì kò sí lábẹ́ èyí.

Ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọkọ̀ rìn ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá àti ọjọ́ 1 oṣù Kìíní. Bẹ́ ẹ bá dúró de ọkọ̀ ọjọ́ 2, tí atẹ́gùn bá dá a dúró, bàálù ọjọ́ 3 ti lọ nìyẹn, òfin tí mo sọ yìí kò sì kan owó bàálù yín. Ẹ kúrò ní erékùṣù ní ọjọ́ 30, tàbí kí ẹ sún bàálù náà síwájú. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ nípa Alkyonides, àwọn ọjọ́ tí òkun máa ń dákẹ́ láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì. Wọ́n máa ń wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Nọ́ọ̀sì Bùkọ́lá

Nípa bíbì: oògùn cinnarizine oníwọ̀n 15 mg wà ní kẹ́míìsì ní Britain. Fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méjìlá, hóró kan ní wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó gbéra, lẹ́yìn náà ìdajì hóró ní wákàtí mẹ́jọ-mẹ́jọ bó bá nílò rẹ̀. Àgbàlagbà ń lo hóró méjì, lẹ́yìn náà ọ̀kan. Kò sí fún ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn. Ó máa ń mú oorun kunni, nítorí náà kí ọ̀kan nínú ẹ̀yin òbí má lò ó. Ẹ kọ́kọ́ bi apòògùn bí àwọn ọmọ bá ń lo oògùn mìíràn. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, oògùn kì í ṣiṣẹ́ mọ́, torí inú kì í gbà á dúró.

Ẹ gba kábíìnì oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin. Èyí tó wà ní ìsàlẹ̀, ní àárín ọkọ̀, ló dára jù, nítorí iwájú àti òkè ni ọkọ̀ ti ń jù jù. Kí ọmọ jẹ búrẹ́dì gbígbẹ tàbí bísíkíìtì díẹ̀, kó fẹ̀yìn lélẹ̀, kó dijú. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá Ọláìyá, Piraeus

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti bíbọ́ sílẹ̀, ibẹ̀ ni àlejò ti ń rí ìyọnu. Apá àríwá ni Evdilos kọjú sí. Bí atẹ́gùn àríwá bá le, ọkọ̀ lè má wọ ibẹ̀, kó lọ dúró sí Agios Kirykos ní apá gúúsù. Ẹ gba nọ́ńbà takisí kan ní ìhà méjèèjì sílẹ̀, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n má tíì gbéra títí ẹ ó fi mọ èbúté tó jẹ́.

Ọkọ̀ náà kì í pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ló fi ń wọlé, wọ́n á sọ pátákó irin kalẹ̀ sórí èbúté, èrò á sì ti dúró nísàlẹ̀ láàárín àwọn mọ́tò. Ẹ fi aago jí ara yín ní ìṣẹ́jú 45 ṣáájú. Ẹni tó bá sùn kọjá, Samos, erékùṣù mìíràn níwájú, ni yóò ti jí. Lórí àwọn pákó ìkẹ́rùsí nísàlẹ̀, orúkọ erékùṣù ló wà lókè ibi ẹrù kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé tiyín síbi Ikaria. Bí ìgbì bá ń gbé ọkọ̀, pátákó irin náà máa ń gòkè, á sì tún sọ̀ kalẹ̀. Ẹ gbé ọmọ kékeré mọ́yà, kí ọwọ́ yín kan ṣófo, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí òṣìṣẹ́ bá ní kí ẹ máa bọ̀.

Ṣadé Athens

Ilé wá kù. Kí ẹnì kan nílé ọkọ yín ṣí fèrèsé fún ọjọ́ méjì kí ẹ tó dé, ilé òkúta tí wọ́n tì pa máa ń fa ọ̀rinrin. Kí wọ́n wo ihò èéfín kí wọ́n tó dá iná, nítorí ẹyẹ máa ń kọ́lé síbẹ̀, bí èéfín kò bá sì rọ́nà jáde, gáàsì rẹ̀ lè pa èèyàn lójú oorun. Ẹ mú ẹ̀rọ kékeré tó ń ké bó bá gbọ́ gáàsì carbon monoxide dání láti London. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ kọ́kọ́ ṣí omi, kí ẹ sì jẹ́ kí páńpù omi gbígbóná ṣàn títí atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò fi tán, kó tó di pé ẹ tan iná ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná. Bó bá gbẹ nígbà tí iná wọ̀ ọ́, irin inú rẹ̀ yóò jó, ẹ kò sì ní rí ẹni ṣe é títí ọkọ̀ yóò fi gbé irin tuntun dé. Ẹ ra ìrẹsì, wàrà alágolo, àti tọ́ọ̀ṣì ní Piraeus. Bí ọkọ̀ bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, ẹ̀fọ́ tútù àti wàrà tútù ló ń kọ́kọ́ tán ní ọjà Evdilos.